Ọwọ́ Tó Ń Gé Igun Róbótó

Bí ẹ bá dé òpópónà tó gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì ìjọba kọjá, tí ẹ béèrè ọkùnrin tó ń fi ọ̀rá líle bo ìwé, kò sí ẹni tó máa fi orúkọ àbísọ júwe rẹ̀ fún yín. Bàbá Omi-ò-wọ̀ọ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ wá orúkọ náà. Nígbàkígbà tí ìwé bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ laminéètì rẹ̀, tó ṣì ń gbóná, yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ yíká, yóò wá ní, "Ó parí. Omi ò wọ̀ ọ́ mọ́ láyé." Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń sọ gbólóhùn yẹn. Bí wọ́n bá ní kó sọ ọ́ lójú oorun, kò ní ṣì í.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju ibi tí èèyàn mẹ́rin lè dúró sí láìtẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Tábìlì kan wà níwájú, ẹ̀rọ laminéètì wà lórí rẹ̀, fọ́tòkọ́pì wà lápá ọ̀tún, àga onírin méjì sì wà fún àwọn tó bá ń dúró. Ó so àwọn iṣẹ́ àpẹẹrẹ kọ́ sára ògiri: káàdì ìdánimọ̀ ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, àwòrán ọmọ jòjòló, àti ìwé ìkìlọ̀ kan tó ní "Ẹ má tọ̀ síbí", tí ẹni tó ni ín ò padà wá gbà. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni igun ìwé. Àwọn tó kù máa ń fi igun ọ̀rá sílẹ̀ ní ṣóńṣó, á máa gún oníwé lọ́wọ́, á máa fa àpò ya. Òun ní àlùmọ́gàjí kékeré kan tó fi ń gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin róbótó, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Ó ní ẹni tó bá fi igun ìwé sílẹ̀ láìgé, ẹni tó wẹ̀ tí kò nura ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ omi fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀ ò ṣòroó mọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, tó gba sátífíkéètì rẹ̀, tó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, òrùlé jò, ẹnikẹ́ni ò sì fura pé omi ti wọ inú àpótí. Ọjọ́ tí wọ́n pè é síṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ló ṣí àpótí. Ohun tó bá níbẹ̀ ni ìwé kan tó ti lẹ̀ mọ́ra, tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣàn lọ ráúráú. Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀gá tó bá níbẹ̀ wo nǹkan náà, ó wo òun náà, ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, kí lo fẹ́ kí n kà níbí?" Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Wọ́n ti pa ilé-ẹ̀kọ́ náà pọ̀ mọ́ òmíràn nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó bá a rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe lébìrà, ó ru búlọ́ọ̀kù, ó ta bátìrì lábẹ́ agboòrùn, títí di ọjọ́ tó yà sí ṣọ́ọ̀bù kan, tó rí ẹ̀rọ tó ń gbé ìwé mì, tó sì ń pọ̀ ọ́ jáde nínú ọ̀rá. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó, omijé lé ròrò sí i lójú. Ohun tó bá ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Láti ọjọ́ náà, kò tún wá iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àtìyàwó rẹ̀ bí, obìnrin sì ni. Ọjọ́ tí ọmọ náà wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ̀ ti pa orúkọ tó sọ ọ́ tì, tó wá ń pè é ní Nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ bá a pè é, àwọn ará àdúgbò náà ò sì jẹ́ kó ku àwọn nìkan. Nígbà tó fi máa gboyè, bí ẹnìkan bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. Lọ́jọ́ tó mú sátífíkéètì wálé, bàbá rẹ̀ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á. Kò sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú bá a láìbò. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú ọ̀rá tó nípọn jù lọ, èyí tí kì í fún oníbàárà láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ki sátífíkéètì bọ̀ ọ́, ó tì í sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó gé igun rẹ̀ róbótó. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ó parí." Kò dúró sọ ìyókù gbólóhùn náà tó fi sáré gbé e lọ sílé.

Ọdún mẹ́fà ni sátífíkéètì yẹn fi wà lára ògiri pálọ̀ wọn. Ní gbogbo ọdún yẹn, Nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé. Òun nìkan á máa tọ́jú ọmọ mẹ́rìnlá, ẹ̀rọ tó ń mú ara ọmọ móoru ò sì ju mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ní ìgbà tó máa ń wù ú láti ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilé ìwòsàn kan nílẹ̀ òkèèrè ní àwọn fẹ́ ẹ, ohun tó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ni iye ọmọ tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní méjì. Ó ka èsì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ mọ bí òun ṣe mọṣẹ́ tó bí irinṣẹ́ bá pé lọ́wọ́ òun.

Ṣùgbọ́n físà iṣẹ́ ò lè jáde àfi bí ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ ọ̀hún bá kọ́kọ́ gbà pé oyè tó gbà nílé dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Ìgbìmọ̀ náà ò sì ní wo ìwé rẹ̀ àfi bí ọ́fíìsì ìjọba níbí bá ti lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn ojúlówó sátífíkéètì, láti fi jẹ́rìí pé kì í ṣe ayédèrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ilé ìwòsàn náà fún un. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá pé tí ìwé ò tíì yanjú, ẹlòmíràn ló máa gba àyè náà.

Bàbá Omi-ò-wọ̀ọ́ ní àwọn jọ ń lọ lu òǹtẹ̀ náà ni. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi pàtàkì, ó gbé sátífíkéètì náà mọ́ àyà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbà á lọ́wọ́ òun. Wọ́n tò láti aago mẹ́jọ. Aago mọ́kànlá kọjá kó tó kàn wọ́n lójú fèrèsé kẹta, níbi tí obìnrin aláwò-ojú kan jókòó sí. Nọ́ọ̀sì ti sátífíkéètì gba abẹ́ fèrèsé. Obìnrin náà ò tíì fọwọ́ kàn án tó fi mí kanlẹ̀.

"Òmíràn nìyí."

"Ṣé kò dáa ni, mà?"

"Sátífíkéètì yín dáa, ọ̀rá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ò dáa. Ẹ̀yìn ìwé gan-an la máa ń lu òǹtẹ̀ sí. A tún máa ń fi ẹ̀rọ tẹ èdìdì sí i, kó wọnú ìwé. Báwo ló ṣe fẹ́ wọnú ìwé gba inú ọ̀rá?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè lù ú sí fọ́tòkọ́pì?"

"Ojúlówó ni wọ́n ń béèrè, àbúrò mi. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin." Obìnrin náà gbé sátífíkéètì sókè, ó kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tó wà ní fèrèsé kẹrin. "Ẹ tiẹ̀ wá wo igun rẹ̀. Róbótó! Ẹni yẹn náà ni. Nínú mẹ́wàá tá a bá dá padà níbí, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe mẹ́fà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí o, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá mọ̀ ọ́n, èmi àtiẹ̀ jọ máa sọ̀rọ̀."

Bàbá Omi-ò-wọ̀ọ́ wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Nọ́ọ̀sì ò bojú wẹ̀yìn, kò fi ojú ṣe àmì kankan. Ó gba sátífíkéètì rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun mà," ó sì fọwọ́ mú bàbá rẹ̀ lápá kúrò níbẹ̀. Ohun tó dun bàbá náà jù nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ bo òun láṣìírí, òun bàbá sì dákẹ́ kí ọmọ náà máa bo òun.

Àṣé ó tún kù. Bí wọ́n ṣe ń jáde ní géètì, wọ́n pàdé tíṣà kan tó ń sáré bọ̀, ó fi ìwé kan sí abíyá.

"Bàbá Omi-ò-wọ̀ọ́! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Sátífíkéètì tẹ́ ẹ bá mi ṣe nìyí, mo fẹ́ lọ lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ wò ó bó ṣe ń dán!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni bàbá náà wí, ó sì ń lọ kíákíá bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ló dúró tó ṣàlàyé fún tíṣà. Ọkùnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn bàbá tó ń lọ, kò sì lè pa ẹnu dé mọ́.

Nígbà tí ìyá Nọ́ọ̀sì gbọ́ bó ṣe lọ, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lérí.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣí i rí."

Nọ́ọ̀sì pe ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn lè kọ òmíràn fún ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́, bó bá mú èyí tó bàjẹ́ wá pẹ̀lú ìwé ìbúra láti kóòtù, ṣùgbọ́n ó máa ń tó oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta kọ́ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀ ní kó fún òun ní ọjọ́ márùn-ún. Ó kó gbogbo ìwé tí àwọn oníbàárà ti pa tì sí ṣọ́ọ̀bù jáde, ó fi wọ́n kọ́ṣẹ́ tuntun. Á mú kí ẹ̀rọ gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, á ti ìwé gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀, á fi bíléèdì ṣí etí ọ̀rá, á wá máa fà á padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, á fi ọwọ́ kejì tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Ìwé mọ́kànlá ló fi dánra wò. Mẹ́jọ jáde láìfarapa. Ìwé "Ẹ má tọ̀ síbí" wà lára àwọn tó ya.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣe é, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Nọ́ọ̀sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ kí òógùn má baà kán sórí ìwé. Ẹ̀yìn sátífíkéètì ni bàbá náà kọ́kọ́ mú. Ó fà á, ó fà á, kò sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rá ẹ̀yìn jáde tán, ìwé náà mọ́ tónítóní, kò ha, kò fà ya. Ìyá Nọ́ọ̀sì ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó ń jó.

"Bàbá, ó tó," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fẹ́ lù. Ẹ jẹ́ ká fi iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà, ká gbé e lọ lọ́la ká béèrè lọ́wọ́ wọn."

Bàbá rẹ̀ wo sátífíkéètì náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà níhòòhò, iwájú rẹ̀ sì wọ ẹ̀wù. Kò rí iṣẹ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kí wọ́n tún wá dá wa padà? Èmi kì í ṣe iṣẹ́ àbọ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ ṣáà máa wò mí."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yẹn nínú wa, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn la máa ń pa á fún.

Ó yí i padà, ó ṣí etí iwájú. Àmì ilé-ẹ̀kọ́ jáde dáadáa. Orúkọ Nọ́ọ̀sì jáde dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n fún un jáde dáadáa. Ìsàlẹ̀ ló kù, níbi tí akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ti fi kálámù fọwọ́ sí i. Ìyókù ìwé náà, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́; ìfọwọ́sí yẹn nìkan ni yíǹkì ọwọ́, gọ́ọ̀mù sì ti mu ún láti ọdún mẹ́fà. Bàbá náà rí ìlà dúdú tó ń bá ọ̀rá gòkè, ó dúró, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ìfọwọ́sí náà wà lára ọ̀rá, odindi, ó dojú dé. Ibi tó wà lórí ìwé tẹ́lẹ̀ ti funfun.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ò jó mọ́. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àga onírin.

"Mo ní ó tó, Bàbá."

Kò pariwo. Ó dìde, ó jáde, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Bàbá rẹ̀ ì bá fẹ́ kó bú òun.

Ní ọjọ́ Ajé, ṣọ́ọ̀bù ò ṣí. Bàbá Omi-ò-wọ̀ọ́ fi sátífíkéètì àti ọ̀rá tó bọ́ lára rẹ̀ sínú páálí pẹlẹbẹ kan, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra òun. Kóòtù ló kọ́kọ́ yà sí. Akọ̀wé tó ń bá èèyàn kọ ìwé ìbúra ti mọṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Bó ṣe gbọ́ "sátífíkéètì" báyìí, ó ti ń tẹ̀wé lọ ràì.

"Òjò ló bà á jẹ́, àbí?"

"Rárá."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ òjò. Òjò ni gbogbo èèyàn máa ń kọ, ó máa ń yá. Òjò ò ṣáà ní wá bá yín ṣẹjọ́."

Bàbá náà wò ó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni òjò ti jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Òjò ló gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, òjò ló sọ ọ́ di ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù, tìtorí òjò ló fi ra ẹ̀rọ. Bí ẹnìkan bá wà láyé tó lẹ́tọ̀ọ́ láti di ẹ̀bi ru òjò, òun ni. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo akọ̀wé ọ̀dọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún létí fún ìgbà díẹ̀.

"Òjò ba tèmi jẹ́," ló wí nígbẹ̀yìn, "ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ti ọmọ mi. Kọ orúkọ mi sílẹ̀. Kọ ọ́ pé èmi ni mo fi ọ̀rá bò ó, èmi ni mo sì ṣí i, mo sì ṣí i dé ibi tí wọ́n ti ní kí n dúró."

"Ṣé kí n kọ ìyẹn náà sí i?"

"Kọ ọ́."

Ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀ ló rìn kó tó dé ilé-ẹ̀kọ́. Akọ̀wé àgbà tó bá níbẹ̀ ni ẹni tó fọwọ́ sí sátífíkéètì náà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ọkùnrin arúgbó kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó ka ìwé ìbúra náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mú ọ̀rá náà, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ìfọwọ́sí mi rèé lóòótọ́."

"Ẹ má bínú, sà."

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ wá wo nǹkan." Arúgbó náà fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ, ó kún fún ìwé ìbúra. Ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Òjò. Òjò. Ikán. Olè. Òjò. Èyí náà, òjò, àárín ọ̀gbẹlẹ̀ gangan lòjò tirẹ̀ sì rọ̀. Ẹ mọ ohun tó ń jẹ oṣù mẹ́ta níbí? Ìwádìí ni. A gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹni náà ti tà á fún ẹlòmíràn, tó wá fẹ́ gba èkejì. Ẹ̀yin gbé ìwé wá, ẹ gbé ọ̀rá wá, ẹ gbé ìfọwọ́sí mi wá, ẹ tún gbé ẹni tó bà á jẹ́ wá. Kí ni mo tún fẹ́ wádìí?"

Bàbá Omi-ò-wọ̀ọ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Arúgbó náà tún fojú wá ìlà kan nínú ìwé ìbúra.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró, tẹ́ ò dúró?"

"Ọmọ mi ni, sà."

"Ẹ máa gbọ́ tiẹ̀ lẹ́yìn èyí."

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, sátífíkéètì tuntun dé, wọ́n kọ "Ẹ̀dà Kejì" sí igun òkè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ ń fọwọ́ rà á. Bàbá rẹ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kò sì yọ wọ́n níwájú títí Nọ́ọ̀sì fi dá a padà sínú àpò ìwé.

Lójú fèrèsé kẹta, bàbá náà ló wà níwájú lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni."

Obìnrin aláwò-ojú náà gbójú sókè. "Ẹ̀yin ni kí ni, Bàbá?"

"Èmi ni mo máa ń gé igun róbótó."

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ẹ̀yin! Bàbá, ẹ mọ iye èèyàn tó ti sunkún níwájú mi níbí? Ìyàwó ilé kan dákú!"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo rò pé mò ń dáàbò bo ìwé wọn ni."

"Àbò burúkú gbáà ni." Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi mú òǹtẹ̀. Ó lù ú, gbàgà, ó gbé ìwé sínú ẹ̀rọ, ó tẹ èdìdì. "Mo máa tẹ ìwé ìkìlọ̀ kan fún yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ìbéèrè kan ló kù. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń bi mí bóyá mo mọ ẹni tó lè ṣí ọ̀rá náà. Ṣé ẹ lè ṣí i?"

"Ẹ̀yìn nìkan, mà. Mi kì í dé iwájú mọ́."

"Ẹ̀yìn nìkan náà ló kàn wá. Ẹ̀yìn là ń lù."

Bàbá Omi-ò-wọ̀ọ́ yí ojú padà, ó wo ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń ka iná tó wà lókè àjà.

Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé nígbà tí èsì ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì dé: wọ́n gba oyè náà, wọ́n ní ó dọ́gba. Físà tẹ̀ lé e. Kí gbogbo ìyẹn tó parí, ìkìlọ̀ obìnrin aláwò-ojú ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí "Ẹ má tọ̀ síbí" wà tẹ́lẹ̀: A KÌ Í FI Ọ̀RÁ BO SÁTÍFÍKÉÈTÌ NÍBÍ. Àwọn oníbàárà bá a jà. Ẹlòmíràn á ní bàbá náà ti lọ́rọ̀ tó báyìí tí kò fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́, á sì sọdá sọ́dọ̀ onílaminéètì tó wà lódìkejì. Bàbá náà á tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, á máa pariwo pé ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn kan máa ń padà. Àwọn tó pọ̀ jù kì í padà, á sì di ọdún mélòó kan kí wọ́n tó wá bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn ṣí ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Sátidé ni Nọ́ọ̀sì fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lọ́jọ́ Alámìsì, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó tò sẹ́yìn oníbàárà méjì bí ẹni tí kò mọ onílé. Nígbà tó kàn án, ó gbé ìwé kan kalẹ̀ sórí tábìlì. Bàbá rẹ̀ rí àmì ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì lókè rẹ̀, ó rí orúkọ ọmọ rẹ̀ lódindi, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ó yọwọ́ kúrò lórí tábìlì wéré.

"A kì í ṣe é níbí. Ṣé o ò ríran ka ògiri ni?"

"Fọ́tòkọ́pì ni, Bàbá. Ojúlówó wà nínú báàgì mi. Èyí ni mo fẹ́ kó wà lára ògiri pálọ̀, níbi tí tọjọ́sí wà."

Bàbá náà yí i padà. Ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀, ó ra ìfọwọ́sí tó wà nísàlẹ̀, ó rí i pé fọ́tòkọ́pì ni lóòótọ́. Ó na ọwọ́ sí ibi tí ọ̀rá tó nípọn jù wà. Ìwé náà wọlé, ó jáde, ó ń gbóná. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì dúró.

"Ṣé kí n fi igun rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ gé e róbótó, kí wọ́n lè mọ ọwọ́ tó ṣe é."